Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Aríran Kò Sọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọdún márùn-ún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo gbé e lọ sí kíláàsì, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e jókòó ti oúnjẹ. Ènìyàn kan ṣoṣo ni mo tíì sọ ọ́ fún, ohun tí ẹni náà sì sọ fún mi ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí.

Mo ní láti tètè sọ ọ́, nítorí ọjọ́ ti sún mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta sí òní, ìjọ wa ní Iléṣà yóò fi òróró yan ọkùnrin kan ní ajíhìnrere. Èmi ni wọ́n ní kí n dìde ka ìran tí Ọlọ́run fi pè é, láti inú ìwé ìran ìjọ. Kò sí ìran kankan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ìwàrà. Níbẹ̀ ni bàbá mi ti ń dáko obì àti kòkó. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ka Sítáńdáàdì Síìsì ní agboolé wa, mo sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ẹnu mi mú, ìgbéraga mi kò sì kéré. Bí wọ́n bá ní kí n wá gbá ojúde, màá ní ìwé ni mò ń kà. Ìwé kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, mo sì ti mọ̀ ọ́n sórí tipẹ́tipẹ́.

Ìjọ aládùúrà kékeré kan là ń lọ. Obìnrin àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aríran. Bí ẹ̀mí bá gbé e ní ìsìn ọjọ́ Ẹtì, á máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, Ìjẹ̀ṣà ponbele pọ̀ mọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Bí ojú rẹ̀ bá wá là, kì í rántí nǹkan kan. Kò mọ̀wé. Nítorí náà ni ìjọ fi ń yan akọ̀wé kan tí yóò kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti ìwé. Ohun tí akọ̀wé bá kọ, òun ni Olúwa sọ. Lẹ́yìn ìsìn, akọ̀wé á kà á fún ẹni tí ìran kàn, á sì dà á kọ sórí pépà fún un kó lè mú un lọ sílé.

Èmi ni wọ́n yàn. Baba Alàgbà, olórí ìjọ wa, fi ọwọ́ mi lé Bíbélì, mo sì búra pé n kò ní fi kún un, n kò ní yọ kúrò. Mo tètè búra, nítorí ó ń wù mí kí àwọn ènìyàn rí bí ìkọ̀wé mi ṣe dára tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà náà. Wọ́n bí mi sínú ìjọ bí wọ́n ṣe bí mi sínú ilé bàbá mi ni. Mò ń kọ ìran bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń kọ ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, bí ọwọ́ bá sì ti ń ro mí, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ nínú pé kí Ìyá Aríran dákẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ lóko, Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ọmọ ibi tó jẹ́. Ìtàn tí a gbọ́ ni pé obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá kan létí títì, ó sì ní kí ìyá náà bá òun di ọmọ òun mú kí òun yà sẹ́yìn ilé. Lọ́rì gbéra, a kò tún rí obìnrin náà mọ́. Ọmọ náà kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ yìí ló sọ ọ́ ní Abíọ́nà, ó sì tọ́ ọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Abíọ́nà wá gba iṣẹ́ oko ní Ìwàrà.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Bí a bá kó obì lọ sí Iléṣà, á dúró sí ìdíkọ̀, á máa wo ojú àwọn èrò bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wò. Ó ní bóyá òun á rí ojú kan tó jọ tòun. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín ni o.

Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tó bí. Nígbà tó yá, ó pè mí ó ní Abíọ́nà ni òun fẹ́ fi mí fún. Ó ní òun ti wo ìwà rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, òun kò rí àbùkù kan. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n sì fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ilé àna mi dà, ṣé etí títì ni wọ́n máa sin ìyàwó lọ ni? Ojú tì mí débi pé n kò lọ sódò fún ọjọ́ mélòó kan. N kò lè sọ fún bàbá mi pé n kò fẹ́, nítorí kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí nínú ìwà ọkùnrin náà. Ìdí tí mo ní kò ṣeé sọ jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Abíọ́nà wá bá mi, nítorí èmi ni akọ̀wé. Ó fẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí n bá òun kọ ẹ̀bẹ̀ òun sínú ìwé àdúrà. Mo ní kí ló fẹ́ bèèrè. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ báyìí pé: “Olúwa, ta ni mí, kí sì ni O fẹ́ kí n ṣe?” Mo kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohun tí ebi rẹ̀ ń pa ọkàn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ẹ̀mí gbé Ìyá Aríran. Ó sọ̀rọ̀ fún obìnrin kan nípa oyún, ó sọ̀rọ̀ fún bàbá kan nípa ìrìn àjò, mo kọ wọ́n bí mo ṣe gbọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Abíọ́nà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò sọ nǹkan kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò là. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Abíọ́nà di ojú rẹ̀ pinpin. Kò mọ̀ bóyá ó sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀, nítorí agogo ń dún, ìjọ ń kọrin.

Mo rí àyè tó ṣófo nínú ìwé. Ohun tí mo kọ nìyí: “Abíọ́nà, má bi ènìyàn léèrè ilé bàbá rẹ mọ́. Èmi mọ ọjọ́ tí a bí ọ. Dìde, lọ sí Òṣogbo, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Àwọn ènìyàn rẹ ń bẹ níbẹ̀. Má fẹ́ ìyàwó títí n ó fi sọ fún ọ.”

Òṣogbo ni mo kọ nítorí ojú irin. Mo rò pé bó bá ti dé ìdí ọkọ̀ náà, á wọ̀ ọ́ lọ sókè Ọya, n kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo kà á fún un lójú ìjọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀, kò sì tètè dìde. Ìjọ kígbe halelúyà. Ìyá Aríran fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run lo ẹnu òun. Bàbá mi ní bí Ọlọ́run bá ti ní Òun fẹ́ ẹ, ta ni òun tí òun yóò bá Ọlọ́run du ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹta, Abíọ́nà dá àdá padà fún bàbá mi, ó ká ẹní rẹ̀, ó fi pépà tí mo kọ sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, “Akọ̀wé, Ọlọ́run á san án fún ọ.” Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo sùn dáadáa.

Nígbà tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, wọ́n ń wá tíṣà kiri, wọ́n sì gbà mí sí Iléṣà. Mo bá ìjọ wa tó wà níbẹ̀ lọ, ìwé ìran sì bá mi lọ; ọ̀kan náà ni ìjọ méjèèjì lábẹ́ Baba Alàgbà, Ìyá Aríran náà sì máa ń wá síbẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni ìròyìn Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí dé. Àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ọkùnrin kan wà nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo tó ń gba àwọn àlejò tí àìsàn dá dúró, tí kò ní ẹbí ní ìlú. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣu àti gàrí ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ní gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá dé, wọ́n á ní kí n tún ka ìran yẹn. Ìyá Aríran á jó. Èmi á pa ìwé náà dé, màá sì jókòó.

Oṣù méjì sẹ́yìn, Baba Alàgbà rán mi sí Òṣogbo kí n lọ sọ ọjọ́ ìfòróróyàn fún un. N kò fẹ́ lọ, n kò sì rí ohun tí mo lè fi kọ̀.

Ilé alámọ̀ oníyàrá méjì ni mo bá, kò jìnnà sí ojú irin. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, òórùn ọṣẹ àti àgbo ló ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn mẹ́rin wà lórí ẹní. Abíọ́nà ń fi ṣíbí bu ògì sí obìnrin ará Tápà kan lẹ́nu, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n jókòó, òun ń bọ̀. Ibi tí mo ti ń wá ibi ìjókòó ni mo ti gbójú sókè wo ògiri.

Orúkọ ló kún ara ògiri náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a fi ẹfun kọ. Orúkọ ènìyàn, orúkọ bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Ìkọ̀wé mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní bí mo ṣe máa ń yí ìdí lẹ́tà g padà sí ọ̀tún, tíṣà mi nà mí títí nítorí rẹ̀, n kò fi sílẹ̀. Òun náà ni mo rí lórí ògiri yẹn, lára orúkọ àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí.

Mo bi í léèrè ta ló kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni. Ó ní òun kò lọ sí ilé-ìwé ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí mo kà fún òun ní Ìwàrà, òun ti há a sórí láti ọjọ́ náà, nítorí náà bí òun bá ṣí pépà náà, òun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Òun fi igi máa ń kọ ọ́ sí ilẹ̀ títí ọwọ́ òun fi mọ̀ ọ́n. Pépà yẹn nìkan ni ìwé tí òun fi kọ́ ìwé.

Ó wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ojoojúmọ́ ló ń pàdé ọkọ̀ ojú irin, ó ń retí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí Ọlọ́run ní ń bẹ níbẹ̀. Ẹrù ló ń gbé jẹun. Ó lé ní oṣù mẹ́fà, kò sí ojú tó jọ tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ń ṣàìsàn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo èrò ń yà fún un. Abíọ́nà wò ó. Ó ní ó wá yé òun lójijì pé ẹni tí kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀, ènìyàn òun nìyẹn. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́ láti wá tòun. Ó ní òun ti mọ ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ Ọlọ́run ni òun, iṣẹ́ tí Bàbá òun rán òun sì nìyí.

Bó ṣe sọ ọ́ kò ní ariwo kankan nínú. Bí ẹni ń sọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. N kò tíì rí ènìyàn kan rí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run tí n kò mọ̀ láti kékeré wá bà mí ní ilé alámọ̀ yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká jáde síta.

A jókòó lórí bẹ́ńṣì. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ àyè tó ṣófo, mo sọ ẹ̀sín àwọn ẹgbẹ́ mi, mo sọ ìdí tí mo fi yan Òṣogbo. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé,

“Ìyá Aríran kò sọ nǹkan kan?”

“Kò sọ nǹkan kan, Bùrọ̀dá. Ó kàn gbé ọwọ́ lé yín lórí, ó sì ń sunkún.”

Ó wo ilẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, ta ló wá ń rán mi lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń bèèrè ni. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lọ́nà jíjìn, ó dìde, ó sì lọ pàdé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì dìde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Obìnrin ará Tápà yẹn bèèrè omi. Mo bu omi fún un, mo gbé orí rẹ̀ lé apá mi kó lè mu. Mo rí i pé orúkọ rẹ̀ kò tíì sí lórí ògiri. Mo bi í léèrè. Ohùn rẹ̀ kò lágbára, ó ní Fàtúmátà, ìyá òun ń jẹ́ Kàká, ará Bídà. Mo mú ẹfun. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo kà á fún un, ó mi orí. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kọ, ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n yìn mí ni mo ń kọ. Mo kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sọ fún Ọlọ́run tí mo ti ń kọ̀wé fún láìgbà Á gbọ́ pé mo rí I. N kò rí ìran kankan o. Orúkọ obìnrin kan àti ife omi ni mo rí, ó sì tó mi.

Mi ò ní sọ pé Ọlọ́run ló dá àyè yẹn sí nínú ìwé kí n lè parọ́ sí i. Ìyẹn á jẹ́ pé mò ń ti ẹ̀ṣẹ̀ mi sí I lọ́rùn. Irọ́ ni mo pa, ìkà sì ni mo fi pa á. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni bí Ó ṣe rìn kọjá nínú rẹ̀ tí kò fi lẹ̀ mọ́ Ọn lára.

Abíọ́nà padà dé pẹ̀lú bàbá arúgbó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí orúkọ tí mo kọ, ó kà á sókè. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Akọ̀wé, mò ń bẹ Ọlọ́run kí n lè dárí jì ọ́. Ní òní yìí, n kò tíì lè ṣe é.” Ó ní òun kò sì ní gba òróró títí ìjọ yóò fi gbọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ní èmi ni kí n sọ ọ́.

Èmi yóò sọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mò ń bi yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni òfin ìjọ wa. Bí ìran bá jẹ́ irọ́, wọ́n á fa ojú ìwé rẹ̀ ya, wọ́n á sì yọ ọwọ́ kúrò nínú ohun gbogbo tó ti inú rẹ̀ jáde. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é rí. Ilé àdúrà kan tí wọ́n kọ́ nítorí ìran èké ní apá Ìpetu, wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò, òjò sì wó o. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé Òṣogbo, iṣu kò ní lọ mọ́, gàrí kò ní lọ mọ́. Ta ni yóò bọ́ àwọn tó wà lórí ẹní? Àti Ìyá Aríran, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, tí ìran yìí jẹ́ ìdùnnú rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìgbàgbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún wọn tán, ẹ bá mi bẹ Baba Alàgbà àti àwọn ìjòyè ìjọ. Kí wọ́n gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn títí ayé. Kí wọ́n fa ojú ìwé tèmi ya lójú gbogbo ènìyàn, èmi fúnra mi ni yóò gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fi orúkọ Jésù bẹ̀ wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan ògiri yẹn.